Afẹ́fẹ́, Omi àti Gábàsì: Bí Àwọn Ará Ṣáínà Ṣe Ń Tẹ Abúlé Dó

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Aṣàkẹ́-ọ̀run.

Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀, tí ó fẹ́ kọ́ ilé, ìmọ̀ràn kì í wọ́n lẹ́nu ará. Ẹnì kan yóò ní kí ẹnu ọ̀nà má ṣe kọjú sí oríta. Ẹlòmíràn yóò ní kí á kọ́kọ́ wádìí bóyá ilẹ̀ náà gbeni tàbí kò gbeni. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí ó ní ìwé, tí ó ní olùkọ́, tí ó sì ní ohun èlò tirẹ̀. Feng shui ni wọ́n ń pè é. Lóde òní ó ti tan kọjá Ṣáínà, ó ti di ọjà. Wọ́n ń ta dígí, wọ́n ń ta ère, wọ́n ń ta ìwé tí ó ń sọ ibi tí ó yẹ kí ibùsùn kọjú sí kí owó lè wọlé.

Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó bá bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé yóò béèrè pé: ṣé ìmọ̀ ni, àbí ìbọ̀rìṣà? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń tẹ abúlé wọn dó láyé àtijọ́, kí á sì wá wo àwọn ará wa Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń gbé láàárín wọn láti ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n mú níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

ÌHÀ ÒJÌJI ÀTI ÌHÀ OÒRÙN

Ọ̀rọ̀ méjì ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀: yin àti yang. Ní àkọ́kọ́, yin ni ẹ̀gbẹ́ òkè tí òjìji bò, yang sì ni ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń ràn sí. Nítorí ibi tí ilẹ̀ Ṣáínà wà láyé, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà sí wọn. Nítorí náà gúúsù òkè ni yang, àríwá òkè ni yin. Ní ti odò, ńṣe ni ó yí padà: bèbè àríwá ni oòrùn ń ràn sí, òun ni yang, bèbè gúúsù ni yin. Orúkọ àwọn ìlú wọn ṣì ń jẹ́rìí sí èyí títí di òní. Ìlú Luoyang, tí ó ṣe olú-ìlú fún ọ̀pọ̀ ìran ọba, bèbè àríwá odò Luo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ìlú Jiangyin sì wà ní gúúsù odò ńlá Yangzi.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́gbọ́n wọn mú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kúrò lára òkè, wọ́n fi ń ṣàlàyé ohun gbogbo. Ọ̀sán ni yang, òru ni yin. Ooru ni yang, òtútù ni yin. Akọ ni yang, abo ni yin. Wọn kò sọ pé ọ̀kan dára tí èkejì burú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àti pé bí ọ̀kan bá dé góńgó, èkejì ni yóò bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òru ṣe ń tẹ̀lé ọ̀sán.

Wọ́n tún gbà pé èémí kan wà tí ó ń rìn nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní qi. Ìwé àtijọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú, tí wọ́n ka Guo Pu (276 sí 324) sí ẹni tí ó kọ ọ́, sọ pé afẹ́fẹ́ a máa tú èémí yìí ká, omi a sì máa dá a dúró. Láti ibẹ̀ ni orúkọ feng shui ti wá: feng ni afẹ́fẹ́, shui ni omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ abúlé dó, ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní fẹ́ pọ̀ jù, tí omi kò sì jìnnà, ni kí ó wá.

ÒKÈ LẸ́YÌN, OMI NÍWÁJÚ

Àwọn ayẹlẹ̀wò wọn wá fi ìlànà kan lélẹ̀. Kí òkè gíga wà lẹ́yìn abúlé ní àríwá. Wọ́n fi alábahun dúdú pè é. Kí òkè kéékèèké wà ní apá méjèèjì bí ọwọ́ àga: ti ìlà-oòrùn ni dírágónì, ti ìwọ̀-oòrùn ni ẹkùn funfun. Kí iwájú abúlé ṣí sílẹ̀ sí gúúsù, níbi tí ẹyẹ pupa wà, kí omi sì ṣàn kọjá níbẹ̀. Kí ilé kọjú sí gúúsù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igbó tí ó wà ní orí òkè ẹ̀yìn abúlé. Níbi tí odò ti ń jáde kúrò ní abúlé, kí wọ́n gbin igi ńláńlá, kí wọ́n tẹ́ afárá, kí omi má baà ko ọrọ̀ abúlé lọ.

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ alábahun àti dírágónì, a lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí á rọra wò ó. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ líle tí ń fẹ́ wọ Ṣáínà láti ìhà Siberia àti Mongolia máa ń wá láti àríwá. Òkè ẹ̀yìn abúlé ni ó ń dí i. Nígbà ooru, afẹ́fẹ́ tí ń gbé òjò bọ̀ máa ń wá láti ojú òkun ní gúúsù àti ìlà-oòrùn. Ilé tí ó kọjú sí gúúsù ni yóò rí atẹ́gùn náà gbà. Ilé yìí kan náà ni oòrùn yóò wọ̀ nígbà òtútù, tí yóò móoru láìsí iná. Igbó orí òkè ń di ilẹ̀ mú kí òkè má baà ya lulẹ̀ lórí ilé nígbà òjò, ó sì ń jẹ́ kí ìsun omi má gbẹ. Ní gúúsù Ṣáínà, irú igbó bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn onímọ̀ nípa ewéko sì ń lọ síbẹ̀ láti wo àwọn igi tí ó ti tán ní ibòmíràn.

Nítorí náà, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ni ó fi ojú ara wọn rí i, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn láti ìran dé ìran.

ABÚLÉ TÍ Ó RÍ BÍ MÀLÚÙ

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí á wo abúlé kan. Hongcun ni orúkọ rẹ̀, ó wà ní ìpínlẹ̀ Anhui. Ìdílé Wang ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1131. Ní ayé Ọba Yongle, láàárín ọdún 1403 sí 1424, àwọn àgbà ìdílé náà ránṣẹ́ pe ayẹlẹ̀wò kan tí ó ń jẹ́ He Keda láti wá wo òkè àti odò wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tún abúlé náà tò, wọ́n sì fi wé màlúù tí ó dùbúlẹ̀.

Òkè Leigang ni orí màlúù náà. Igi ńlá méjì ni ìwo rẹ̀. Afárá mẹ́rin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ilé sì ni ara rẹ̀. Wọ́n dí odò tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn abúlé, wọ́n la ojú omi tóóró láti ibẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé kan dé òmíràn. Gígùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mítà. Òun ni ìfun màlúù náà. Láàárín abúlé, wọ́n gbẹ́ adágún omi kan tí ó rí bí ìlàjì òṣùpá; òun ni àpòlúkù. Ní ọdún 1607, wọ́n parí adágún ńlá kan sí gúúsù abúlé. Òun ni ikùn.

Ìtàn ìdílé náà sọ pé obìnrin kan, Hu Chong, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, ni ó dúró ti iṣẹ́ adágún àárín abúlé. Àwọn kan fẹ́ kí ó rí róbótó bí òṣùpá àrànmọ́jú. Ó kọ̀. Ó ní òṣùpá tí ó bá ti kún, dídín ni ó kù. Èyí tí kò tíì kún ni ó ṣì ń dàgbà. Àwa tí a ń fi ojú wá oṣù ààwẹ̀ lójú sánmà kò ní ṣàìmọ ohun tí obìnrin náà ń wí.

Ẹ wo èrè iṣẹ́ yìí. Omi tútù ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé. Wọ́n fi òfin sí i: òwúrọ̀ kùtùkùtù ni fún pípọn omi mímu, ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán ni fún aṣọ fífọ̀. Igi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́lé ní agbègbè náà, iná sì ni ọ̀tá wọn. Omi wà nítòsí láti fi paná, wọ́n sì mọ ògiri gíga tí ó ga ju òrùlé lọ sáàárín ilé kan àti èkejì kí iná má baà ràn. Àárín ilé wọn ṣí sílẹ̀ sókè, tí òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀ láti orí òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí àkòdì àwọn baba wa. Wọ́n ní ọrọ̀ ni omi náà ń kó wọlé. Ohun tí a fojú rí ni pé ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń wọlé. Ní ọdún 2000, àjọ UNESCO fi Hongcun àti abúlé Xidi tí ó wà nítòsí rẹ̀ sínú ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Bí ènìyàn bá mú ọ̀rọ̀ màlúù kúrò níbẹ̀ pátápátá, omi náà yóò ṣì máa ṣàn, ilé náà yóò ṣì máa tutù. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyẹn.

IBI TÍ ÌMỌ̀ TI DI Ẹ̀RÙ

Ó ṣe ni láàánú pé àwọn ayẹlẹ̀wò kò dúró lórí afẹ́fẹ́ àti omi. Wọ́n sọ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń fúnni ní ọmọ, tí ó ń fúnni ní oyè, tí ó sì ń gba ẹ̀mí. Bí ilẹ̀ ilé bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ sàréè lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tí a bá sin baba sí ni yóò sọ bí ayé ọmọ yóò ṣe rí. Láti ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Àwọn ẹbí a máa gbé òkú sílẹ̀ fún oṣù, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé wọn kò tíì rí ilẹ̀ tí ó dára. Ìdílé a máa bá ìdílé ṣe ẹjọ́ lórí sàréè títí owó yóò fi tán lọ́wọ́ wọn. Ó burú débi pé òfin ìjọba Qing dá sí i, tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òkú sílẹ̀ láìsin.

Ìtàn agbègbè Hongcun gan-an ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀ kò wá láti inú òkè. Òwò ni àwọn ọkùnrin agbègbè náà ń ṣe: òwò iyọ̀, òwò tíì, òwò igi pákó. Wọ́n ń ti ilé jáde láti kékeré, wọ́n ń rin ìrìn àjò jìnnà, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí òwò iyọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí ogun Taiping (1850 sí 1864) sì jà dé agbègbè náà, ọrọ̀ wọn wó lulẹ̀. Òkè náà kò kúrò níbi tí ó wà. Omi náà kò yí ojú padà. Bí ó bá jẹ́ pé òkè àti omi ni ó ń fúnni ní ọlà, kí ni ó dé tí wọn kò lè dá a dúró?

ABẸ́RẸ́ TÍ Ó Ń TỌ́KA

Síbẹ̀, Ọlọ́hun a máa mú ohun rere jáde láti inú iṣẹ́ ẹ̀dá. Láti lè mọ ìhà tí ilé kọjú sí dáadáa, àwọn ayẹlẹ̀wò Ṣáínà ń lo abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òkúta òòfà nù, èyí tí ó máa ń tọ́ka sí àríwá àti gúúsù. Ní ọdún 1088, ọ̀mọ̀wé Shen Kuo kọ nípa abẹ́rẹ́ yìí, ó sì ṣàkíyèsí pé kì í tọ́ka sí gúúsù gan-an, ó máa ń yà díẹ̀. Ní ọdún 1119, ìwé mìíràn ní Ṣáínà sọ pé àwọn atukọ̀ ń lò ó lójú òkun. Kò pẹ́ tí ó fi hàn nínú ìwé àwọn Mùsùlùmí. Ní nǹkan bí ọdún 1290, al-Ashraf, ọmọ ọba Yemen tí òun náà padà jọba, kọ ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe lè fi abẹ́rẹ́ yìí mọ gábàsì láti kírun.

Kọ́ńpáàsì kan náà ni. Ẹnì kan ń fi í wá ibi tí oríire wà nínú ilẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi í wá ibi tí yóò kọjú sí láti forí kanlẹ̀ fún Ẹni tí ó dá ilẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN MÙSÙLÙMÍ ṢÁÍNÀ ṢE

Ìtàn ìjọba Tang kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún 651, ní ayé Khalífà Uthman (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ikọ̀ kan wá sí Ṣáínà láti ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ, wọ́n sì di ará ilẹ̀ náà. Àwọn ni a ń pè ní Hui lónìí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́sálásí ńlá ní ìlú Xi'an, wọn kò sọ pé ó di dandan kí ó rí bí ti Damasku. Òkúta kan tí ó wà níbẹ̀ ń tọ́ka sí ọdún 742 fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń wò lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1392, lábẹ́ ìran ọba Ming. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ sókè ní igun bí ti àwọn ilé Ṣáínà. Àgbàlá tẹ̀ lé àgbàlá, igi àti òdòdó wà nínú wọn. Ilé onígun mẹ́jọ alájà mẹ́ta ni ó dúró ní ipò mínárẹ́ẹ̀tì. Àlejò tí ó bá wọlé lè rò pé ilé òrìṣà àwọn ará Ṣáínà ni, títí yóò fi rí aya Al-Qur'ān lára pákó inú ilé ìkírun.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọn kò gbà. Ilé ọba àti ilé òrìṣà ní Ṣáínà, gúúsù ni wọ́n sábà máa ń kọjú sí gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí a ti sọ. Mọ́sálásí Xi'an kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìlà-oòrùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì na tààrà lọ sí ìwọ̀-oòrùn fún nǹkan bí mítà 250, ilé ìkírun ni ó sì wà ní òpin rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni Mẹ́kà wà sí wọn. Wọ́n gba òrùlé, wọ́n gba àgbàlá, wọ́n gba òdòdó. Wọ́n yí ojú ilé padà sí Kaaba.

Abúlé wọn pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí àwọn Hui bá pọ̀ sí, mọ́sálásí ni wọ́n ń kọ́ ilé yí ká, kí olúkúlùkù lè gbọ́ ìpè ìrun, kí ọmọdé lè rìn lọ sí ilé kéú. Bí ẹnì kan bá kú, wọn kì í wá ayẹlẹ̀wò. Wọ́n ń yára wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè kọ sí gábàsì, olówó àti tálákà bákan náà.

Àwọn àáfà wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìkọ ọ́ sínú ìwé. Wang Daiyu, tí ó kọ ìwé ẹ̀sìn tí ó lókìkí ní èdè Ṣáínà ní ọdún 1642, ya orí kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ feng shui. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Liu Zhi ti ìlú Nanjing, tí ó kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1704. Wọn kò sá fún ọ̀rọ̀ yin àti yang, nítorí pé èdè tí àwọn ènìyàn wọn gbọ́ nìyẹn. Wọ́n fi kọ́ni pé ẹ̀dá ni yin, ẹ̀dá ni yang, Ọba Ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì dá méjèèjì.

Kí á má ṣe gbàgbé pé ìfẹ́ inú wọn ni wọ́n fi mú òrùlé Ṣáínà nígbà náà. Láti nǹkan bí ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ náà ti ń yọ òrùlé róbótó kúrò lórí ọ̀pọ̀ mọ́sálásí, wọ́n ní kí ó rí bí ti Ṣáínà. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn àti ohun tí wọ́n fi ipá gbé kà á lórí kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí Ọlọ́hun ran àwọn ará wa lọ́wọ́.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ibi tí ilé kọjú sí kì í ṣe tuntun nínú Islām. Àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan a máa gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé wọn bí wọ́n bá ti gbé haramí, wọ́n rò pé ìjọsìn ni. Sūratul-Baqarah, aya 189, fi òpin sí i, ó ní kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Aya 177 nínú sūra kan náà sì jẹ́ kí á mọ̀ pé yíyí ojú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn nìkan kọ́ ni ìwà rere. Ìgbàgbọ́, ìrun, sàká àti mímú àdéhùn ṣẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí Ibrāhīm, ọmọ Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kú, oòrùn wọ̀ lójú ọ̀sán. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Bí ó ti wà nínú ọ̀fọ̀ tó, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó kọ́ wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í wọ̀ nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni.

Òun kan náà ni ó kọ́ ẹni tí ó ni ràkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ojú omi Hongcun, ògiri tí kì í jẹ́ kí iná ràn, igbó tí ó di òkè mú, ràkúnmí síso ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́lé sí ojú àgbàrá, tí ó gé gbogbo igi ilẹ̀ rẹ̀, tí kò fi ojú fèrèsé sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kò gbọdọ̀ sọ pé kádàrá ni nígbà tí omi bá wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ri nǹkan mọ́ ìpìlẹ̀ ilé kí ó lè fa ọlà, ìbáà jẹ́ àáfà ni ó ṣe é fún un, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń wá oríire lọ́wọ́ òkè. Wíwá akẹgbẹ́ fún Ọlọ́hun ni.

Bí àwa níhìn-ín bá fẹ́ kírun, ìlà-oòrùn ni a ń kọjú sí. Àwọn ará wa ní Xi'an, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí. Bí ó bá jẹ́ pé ìhà kan ni oríire wà nínú ayé, ọ̀kan nínú wa ì bá ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni gbogbo wa kọjú sí, Ọba kan ṣoṣo ni a sì ń sìn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó fún wa ní ilé tí ó tura, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí á bẹ̀rù ohun mìíràn lẹ́yìn Rẹ̀. Àmín.